Mẹ́ta Iwájú, Mẹ́ta Ẹ̀yìn

Ọkọ̀ Sienna mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ ní ọjọ́ Sátidé kan tí a ń ti Èkó bọ̀ wá sí Ìbàdàn. A kò tíì dé Ògèrè. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kò sí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n bí a bá ti kan ìgòkè, tí mo tẹná, ara rẹ̀ á gbọ̀n jìgìjìgì, á máa fà sẹ́yìn bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń wọ́ lọ sọ́jà. Iná ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnnì tàn níwájú mi, kò sì dúró jẹ́ẹ́, ńṣe ló ń ṣẹ́jú. Ìyàwó mi wò ó, ó tún wò mí, ó ní, "Ṣebí púlọ́ọ̀gì lẹ ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀?" Mi ò dá a lóhùn. Kò tíì ju oṣù méjì lọ tí mo sanwó púlọ́ọ̀gì mẹ́fà, tí mo sì dúnàá-dúrà lórí owó iṣẹ́ títí tí mẹkáníìkì náà fi mí kanlẹ̀, tó ní, "Ó dáa, ẹ mú un wá, ẹ̀gbọ́n."

Nígbà tó di Mọ́ńdè, mo wa ọkọ̀ náà lọ bá bàbá kan tó ti ń ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì láti ayé Peugeot 504. Bàbá kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ki ẹnu sikáánà bọ abẹ́ sítíárì, kóòdù mẹ́ta sì jáde: P0301, P0303, P0305. Bàbá rẹ́rìn-ín.

"Ení, ẹ̀ta, àrún," ó ní. "Ẹ̀yìn nìkan. Ta ló pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì yìí fún yín?"

Mo ní ẹnì kan ni.

"Ẹni náà ṣe iwájú. Kò dé ẹ̀yìn."

Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn nínú kóòdù yẹn ni nọ́ńbà sìlíńdà tí epo inú rẹ̀ kò jóná bó ṣe yẹ. Ẹ́ńjìnnì V6 tó wà nínú Sienna, nínú Highlander àti nínú Camry onísìlíńdà mẹ́fà, ìbú ni wọ́n gbé e sí. Sìlíńdà 2, 4 àti 6 kọjú sí ẹni tó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Sìlíńdà 1, 3 àti 5 fẹ̀yìn ti ògiri irin tó pààlà láàárín ẹ́ńjìnnì àti èrò inú ọkọ̀. Ẹni tó bá mọ èyí kò nílò sípánà kankan kó tó mọ̀ pé wọ́n ti rẹ́ mi jẹ. Àwọn àgbà ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, wọn kò sì tíì rí Sienna nígbà tí wọ́n sọ ọ́.

Iná tó ń ṣẹ́jú yẹn náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Bó bá tàn tó dúró, ọkọ̀ ní ẹjọ́ tó fẹ́ rò, ó ṣì lè dúró dìgbà tí ẹ bá délé. Bó bá ń ṣẹ́jú, epo tí kò jóná nínú sìlíńdà ń bá èéfín lọ sínú páìpù, ibẹ̀ ló ti ń lọ jóná, á sì máa ba kátálísì tó ń fọ èéfín mọ́ jẹ́, fún ẹni tí wọn kò tíì yọ tirẹ̀ tà.

Iṣẹ́ púlọ́ọ̀gì kò ju kó ṣáná lọ. Epo bẹntiróòlù àti afẹ́fẹ́ á wọ inú sìlíńdà, písítìnì á fún wọn pọ̀, púlọ́ọ̀gì á ṣáná sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe ń ṣe é lemọ́lemọ́ tó. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan ní láti ṣáná ní ìgbà 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ní wákàtí kan, ìgbà 90,000 nìyẹn. Àlàfo tí iná náà ń fò kò ju mílímítà 1.1 lọ nínú ọ̀pọ̀ Toyota tó wà nígboro, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti fún pọ̀ kì í jẹ́ kí iná kọjá wẹ́rẹ́. Nítorí náà, kọ́ìlì máa ń gbé agbára tó lè lé ní fóólìtì 20,000 fún un. Iná ilé wa kò ju nǹkan bíi 230 lọ, lọ́jọ́ tó bá wá.

Bí iná ṣe ń fò, bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ irin ẹnu púlọ́ọ̀gì díẹ̀díẹ̀, tí àlàfo náà ń fẹ̀. Ìdí tí ọkọ̀ mi fi ń dúró de ìgòkè nìyẹn. Bí èèyàn bá tẹná, afẹ́fẹ́ àti epo tó ń wọlé á pọ̀ sí i, ìfúnpọ̀ inú sìlíńdà á le sí i, iná tó ti ń fi tipátipá fo àlàfo lórí ilẹ̀ títẹ́jú kò ní lè fò ó mọ́ rárá. Kọ́ìlì ló ń jìyà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kọ́ìlì tí à ń fi owó gọbọi rà, púlọ́ọ̀gì tó gbó ló pa wọ́n, ẹni tó sì pààrọ̀ kọ́ìlì láìwo púlọ́ọ̀gì ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Nǹkan kékeré yìí kì í ṣe ọmọ àná. Étienne Lenoir, ọmọ ilẹ̀ Belgium tó ń gbé ní Faransé, ti fi iná mànàmáná ṣáná sínú ẹ́ńjìnnì onígáàsì rẹ̀ ní ọdún 1860. Gottlob Honold tó ń bá Robert Bosch ṣiṣẹ́ ní Jámánì ló wá ṣe irú èyí tó ṣeé tà fún ọlọ́kọ̀, ní 1902. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa, inú mọ́tò kọ́ la ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ni, èyí tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour." Púlọ́ọ̀gì ẹyọ kan ló ní, ó sì yọrí síta gbangba, ọmọdé lè tú u. Ọ́ìlì tí wọ́n ń pò mọ́ epo rẹ̀ ló máa ń di èédú sí púlọ́ọ̀gì náà lẹ́nu. Bí jẹnẹrétọ̀ bá kọ̀ lálẹ́, bàbá mi á ní kí n gbé tọ́ọ̀ṣì, a ó yọ púlọ́ọ̀gì, a ó fi sándìpépà ha á, a ó nù ún, a ó dá a padà, a ó sì tún fa okùn. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ pé púlọ́ọ̀gì tó bá tutù fún epo, tó ń rùn, ohun tó ń sọ yàtọ̀ sí ti èyí tó gbẹ, tó dúdú.

Mo wá ń rò ó pé ibi tí wọ́n gbé púlọ́ọ̀gì sí nínú ọkọ̀ máa ń jẹ́ kí a mọ ẹni tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà rò pé yóò tú u. Ẹ wo Volkswagen Ìjàpá, tí ilé iṣẹ́ kan ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní 1975. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, sìlíńdà mẹ́rin, méjì dùbúlẹ̀ sápá ọ̀tún, méjì sápá òsì. Púlọ́ọ̀gì kò dojú kọ òkè, ẹ̀gbẹ́ ni ó kọjú sí, lábẹ́ páànù tó ń darí atẹ́gùn. Ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i. Ọwọ́ ni yóò wá a lọ, bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ lábẹ́ ìrọ̀rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ọkọ̀ lè ṣe é nílé fúnra rẹ̀, wọ́n sì ṣe é kó lè rí bẹ́ẹ̀. Sìlíńdà kẹta ni àwọn mẹkáníìkì àtijọ́ máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí pé nínú àwọn Ìjàpá àtijọ́, ohun tó ń tu ọ́ìlì lára dúró sójú ọ̀nà atẹ́gùn rẹ̀, ooru sì máa ń mú un ju àwọn tó kù lọ. Àwọn wáyà púlọ́ọ̀gì Ìjàpá kò gbọ́dọ̀ gbapò ara wọn: 1, 4, 3, 2 ni àwọn sìlíńdà rẹ̀ fi ń jóná. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ onísìlíńdà mẹ́rin tó tò lórí ìlà, 1, 3, 4, 2 ni. Ẹni tó bá fi wáyà ẹ̀kẹta sí ẹ̀kejì yóò gbọ́ ìró ìbọn.

504 tí wọ́n tò ní Kàdúná, láti 1975 bákan náà, dẹ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sápá kan bíi ìwọ̀n dígírì 45. Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ wà nínú ihò jíjìn, ohun gígùn dúdú kan ló sì ń so wáyà mọ́ ọn lórí. Bàbá mẹkáníìkì ní láyé ìgbà yẹn, bí ọmọ iṣẹ́ bá ṣẹ́ ohun dúdú yẹn, ilé ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nínú bọ́ọ̀sì Hiace, abẹ́ ìjókòó iwájú ni ẹ́ńjìnnì wà. Èrò á sọ̀kalẹ̀, wọ́n á gbé ìjókòó, ẹ́ńjìnnì á yọjú pẹ̀lú ooru rẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó síbẹ̀ láti Ọ̀jọ́ta dé Ìwó Road kò nílò kí ẹnikẹ́ni tún ṣàlàyé.

Èyí tó rọrùn jù lọ nínú àwọn ọkọ̀ tó kún ìgboro báyìí ni Corolla àti Camry onísìlíńdà mẹ́rin, irú Big Daddy tí wọ́n ṣe láàárín 2002 sí 2006. Ẹ yọ ike tó bo ẹ́ńjìnnì, kọ́ìlì mẹ́rin á tò síwájú yín lórí ìlà kan, bóòtì kọ̀ọ̀kan ló sì di ọ̀kọ̀ọ̀kan mú, sípánà 10 ló ń tú u. Ẹ fa sọ́kẹ́ẹ̀tì wáyà rẹ̀, ẹ yí kọ́ìlì díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ẹ fà á jáde. Ìsàlẹ̀ ihò náà ni púlọ́ọ̀gì wà, sọ́kẹ́ẹ̀tì 16 tó ní rọ́bà tàbí màgínẹ́ẹ̀tì nínú ló ń gbé e wá sókè.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ kò sí nínú títú, nínú dídá padà ni. Àkọ́kọ́, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù. Álúmínọ́ọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnnì, irin ni púlọ́ọ̀gì, bí ẹ bá fi agbára tú u nígbà tó ṣì ń gbóná, ó lè fa okùn ihò náà, ìlà yíyípo tó di púlọ́ọ̀gì mú, jáde pẹ̀lú ara rẹ̀, ẹjọ́ mìíràn sì ti dé nìyẹn. Kí ẹ tó tú u, ẹ fẹ́ eruku inú ihò kúrò, torí ohun tó bá já wọlé lẹ́yìn tí púlọ́ọ̀gì bá kúrò, orí písítìnì ló ń lọ. Bí ẹ bá fẹ́ dá tuntun padà, ẹ má fi sípánà bẹ̀rẹ̀. Bàbá máa ń ki orí púlọ́ọ̀gì bọ ẹnu rọ́bà omi kékeré kan, á fi rọ́bà náà yí i wọlé. Bí púlọ́ọ̀gì bá wọlé ní wíwọ́, rọ́bà ni yóò yọ̀, okùn ihò kò ní bàjẹ́. Nígbà tó bá kanlẹ̀, tí ọwọ́ kò bá lè yí i mọ́, sọ́kẹ́ẹ̀tì á wá fún un ní bí ìlàjì yíyí kan sí i, kí òrùka fífẹ́lẹ́ ìdí rẹ̀ lè tẹ̀ mọ́lẹ̀. Èyí tí ìdí rẹ̀ rí ṣóńṣó, tí kò ní òrùka, kò fẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tó ń fi gbogbo èjìká di púlọ́ọ̀gì ń jà ni.

Àwọn mìíràn wà tí mo kàn fẹ́ dárúkọ. Mercedes V6 ti ìparí àwọn ọdún 1990 sí àárín àwọn ọdún 2000, irú E320, C240 àti ML320, púlọ́ọ̀gì méjì ló ní fún sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Méjìlá ni gbogbo rẹ̀, V8 rẹ̀ sì ní mẹ́rìndínlógún. Ẹni tí wọ́n bá ta mẹ́fà fún láti fi ṣe ML320 rẹ̀, ìlàjì iṣẹ́ ló fẹ́ gbà. Ti ọkọ̀ oní-dísù kò sì sí rárá: ìfúnpọ̀ nìkan ló ń dáná sí epo tirẹ̀, ohun tó dà bíi púlọ́ọ̀gì lára rẹ̀ kàn ń mú un gbóná láàárọ̀ ni.

Ká padà sí Sienna. 2005 ni ti èmi, ẹ́ńjìnnì 3.3. Bàbá kọ́kọ́ yọ mẹ́ta iwájú, kò gbà á ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tuntun ni wọ́n lóòótọ́, ẹnu wọn funfun bí eyín ọmọ ọwọ́. Lẹ́yìn náà ló wá dúró, ó wo ẹ̀yìn, ó mí kanlẹ̀. Apá wáípà méjèèjì kọ́kọ́ kúrò, ike abẹ́ gíláàsì iwájú tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà páànù abẹ́ rẹ̀, torí pé lábẹ́ gíláàsì gan-an ni ìdajì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yìí wà. Wọ́n tú páìpù afẹ́fẹ́, wọ́n tú àpótí afẹ́fẹ́ ńlá tó dà bo ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì. Bí ó ti ń gbé e kúrò báyìí, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti fi àkísà mímọ́ dí ihò mẹ́fà tó ṣí sílẹ̀. Nọ́ọ̀tì kan tó bá jábọ́ sínú ihò yẹn lè sọ púlọ́ọ̀gì mẹ́ta di iye ẹ́ńjìnnì kan. Gásíkẹ́ẹ̀tì àpótí náà gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun nígbà tí wọ́n bá ń dá a padà, kí afẹ́fẹ́ má baà máa jò wọlé. Nígbà tí púlọ́ọ̀gì àkọ́kọ́ jáde láti ẹ̀yìn, wọ́n ti kírun ọ̀sán tán.

Bàbá kò jù wọ́n sílẹ̀. Ó tẹ́ aṣọ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ mìíràn, ó tò wọ́n síbẹ̀ bí wọ́n ṣe tò nínú ẹ́ńjìnnì, ó wọ awò rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń jù sígbó lójú ẹsẹ̀ nìyí, bẹ́ẹ̀ sì ni òun gan-an ni ìwé ìròyìn ẹ́ńjìnnì. Bí ẹnu púlọ́ọ̀gì bá ní àwọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ tàbí eérú, ara yá. Bó bá dúdú tó gbẹ bí èédú abẹ́ ìkòkò, epo ń pọ̀ jù níbẹ̀ tàbí iná kò tó. Bó bá dúdú tó ń dán fún òróró, ọ́ìlì ti ń bá epo jóná, owó sì ń bọ̀ wá ná. Bó bá funfun fẹ́ẹ́, tí ó ní ìléròrò, ooru ti pọ̀ jù.

"Ẹ wo ẹ̀kínní àti ẹ̀kẹta," Bàbá ní. "Ara wọn yá. Wọ́n kàn ti darúgbó ni."

Irin kékeré àárín wọn ti jẹ kù, ó rí rúbútú, àlàfo sì ti fẹ̀ débi pé ojú lásán rí i. Ẹ̀karùn-ún ló yàtọ̀. Inú rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n òróró bo tangaran funfun tó wà lókè, rọ́bà kọ́ìlì rẹ̀ náà sì ti wú. Rọ́bà tó yí ẹnu ihò ká lábẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì ló ti gbó, tí ọ́ìlì fi ń sun wọ inú ihò. Ẹni tó bá pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì nìkan níbẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi padà wá.

Mo mú ẹ̀kẹta, mo nù ún. Denso ni wọ́n tẹ̀ sí i lára. Bàbá ní lójú òun, ti ilé iṣẹ́ ni, kò tíì sí ẹni tó tú u rí. Princeton ní ìpínlẹ̀ Indiana ni wọ́n ti ń ṣe Sienna yìí, ìlànà Toyota sì ni pé kí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ lo máìlì 120,000, nǹkan bíi kìlómítà 190,000. Ọ̀rọ̀ yẹn yé mi lójijì. Àwọn tó gbé mẹ́ta sẹ́yìn lábẹ́ gíláàsì kò rò pé ẹnikẹ́ni yóò wá a débẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láyé ọkọ̀ náà, nínú ṣọ́ọ̀bù tó ní gbogbo irinṣẹ́. Ẹni tó kọ́kọ́ rà á ní Amẹ́ríkà lò ó títí ọjọ́ ẹ̀ẹ̀kan yẹn fi kù sí dẹ̀dẹ̀, ó tà á, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi. Àwa táa ra tòkunbọ̀ la jogún ọjọ́ náà.

Ọjà Gate ni wọ́n rán mi lọ fún mẹ́ta tuntun. Bó ṣe jẹ́ Gate, bẹ́ẹ̀ ni Ládípọ̀ ní Èkó: ayédèrú púlọ́ọ̀gì wà níbẹ̀ nínú páálí tó dára ju ojúlówó lọ. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tẹ orúkọ sí ara tangaran rẹ̀, ojúlówó kì í ṣú. Ẹ fi ọwọ́ yí òrùka ìdí rẹ̀: kò gbọ́dọ̀ bọ́ wẹ́rẹ́. Ẹ gbé e sójú oòrùn kí ẹ wo ẹnu rẹ̀: irin òkè gbọ́dọ̀ wà lórí irin àárín gan-an, kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Bí wọ́n bá ní iridium ni, irin àárín ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, mílímítà 0.4 sí 0.7, èyí tó bá nípọn bí ìṣó kì í ṣe òun. Kí ẹ sì má jẹ́ kí oníṣọ́ọ̀bù fi nọ́ńbà mìíràn rọ́pò èyí tí ẹ béèrè, pé "bákan náà ni." Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí púlọ́ọ̀gì ṣe ń gbé ooru kúrò. Lọ́dọ̀ NGK àti Denso, bí nọ́ńbà bá ń ga, púlọ́ọ̀gì ń tutù sí i. Lọ́dọ̀ Bosch àti Champion, òdìkejì ni. Ẹni tó bá fi ojú kan wo méjèèjì yóò ra èyí tó gbóná jù fún ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Ilẹ̀ ti ṣú kí wọ́n tó dá gbogbo rẹ̀ padà. Ọmọ iṣẹ́ pa kóòdù rẹ́, Bàbá yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì dákẹ́ bí ẹni tó jẹun yó. Mo wà á gun òkè Mọ́kọ́lá lẹ́ẹ̀mejì, kí ó lè dá mi lójú. Owó iṣẹ́ tí Bàbá gbà fi ìlọ́po mẹ́ta ju èyí tí mo san ní ìjelòó lọ. Kò gbà kí n dúnàá-dúrà.

Mo kó mẹ́ta ẹ̀yìn náà sínú ọ̀rá. Ní ọjọ́ kejì, mo gbé wọn lọ bá ẹni tó gba owó mẹ́fà lọ́wọ́ mi. Abẹ́ Corolla kan ló wà. Mo da púlọ́ọ̀gì náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n dún kanrinkanrin. Ó yọjú síta, ó wò wọ́n, ó mọ̀ wọ́n. Kò bú mi, kò sì bẹ̀ mí. Ó wọlé lọ, ó mú púlọ́ọ̀gì tuntun mẹ́ta jáde nínú páálí wọn, èyí tí mo ti rà, ó kó wọn lé mi lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "owó iwájú lẹ san."